Ooru Inú Ògiri

Ọmọńlé náà gun ògiri dé ìdajì, ó dúró, ó sì ké.

Kì í ṣe ọmọńlé tí Ọlọ́run dá. Irin ni, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ní ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ àti imú gígùn kan tí ó fi ń gbóòórùn omi nínú ògiri. Ọ̀gbẹ́ni Lánípẹ̀kun, ọ̀dọ́mọkùnrin tí Ilé-iṣẹ́ Afẹ́fẹ́ rán wá, ni ó gbé e lé ògiri yàrá Mosúnmọ́lá ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí àwọn ará ilé Òkè-Ìrẹ̀pọ̀ ti dí ẹnu ọ̀nà pa tí wọ́n ń na ọrùn. Bí ẹ̀rọ náà ti ké, obìnrin kan pòṣé, òmíràn sì fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ bá mi sún àpótí aṣọ yẹn kúrò," ni Lánípẹ̀kun wí.

Nígbà tí wọ́n sún un, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú. Òwú ògiri ti hù níbẹ̀ láti ilẹ̀ títí dé ibi tí èjìká àgbàlagbà lè dé, ó nípọn, ó rọ̀, àfi bí ẹni pé ẹnìkan tú ìrọ̀rí sí ara ògiri. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Ìmísí, ọmọbìnrin Mosúnmọ́lá tí kò tíì tó ọmọ ilé-ìwé, bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń wúkọ́ láti ìgbà tí ọdún ti wọlé, ìyá rẹ̀ sì fi etí ìró bo imú rẹ̀.

Morádékẹ́ ni ó dúró ṣáájú gbogbo wọn. Ipò rẹ̀ nìyẹn. Òun ni Ìyá Ọ̀fun ilé náà, olùtọ́jú ihò tí ń gbé ooru jáde, kọ́kọ́rọ́ ọ̀fun sì wà lọ́rùn rẹ̀ lórí okùn pupa tí tọmọdé tàgbà fi ń dá a mọ̀ láti òkèèrè. Ó wo òwú funfun yẹn, ara rẹ̀ sì tutù láti àtẹ́lẹsẹ̀ wá, nítorí pé nínú gbogbo àwọn tí ó dúró níbẹ̀, òun nìkan ni ó mọ ibi tí ooru tí ó bí òwú náà ti wá. Láti yàrá tirẹ̀ ni. Ògiri kan ṣoṣo ni ó wà láàárín òun àti Mosúnmọ́lá.

Lánípẹ̀kun kò pariwo. Ó bi Mosúnmọ́lá léèrè ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ máa ń kàn án, ó ní Ọjọ́bọ̀ ni. Ó bi í bóyá ó ti tan ẹ̀rọ amáṣọgbẹ rẹ̀ rí ní ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun kò jẹ́ dán an wò. Ó tún bi í bóyá ó máa ń so ìrù ẹ̀rọ náà mọ́ ọ̀fun ilé kí ooru má baà dà sínú yàrá. Obìnrin náà mú un lọ síbẹ̀: ìrù náà rèé, páìpù rírọ̀ kan tí ó jáde ní ìdí ẹ̀rọ, tí ó wọnú ihò ọ̀fun, tí okùn sì dì í gírígírí. Ọ̀gbẹ́ni náà fà á, kò tú. Ó mi orí pé ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrù ni òfin ń wò. Òfin wà lára ògiri gbọ̀ngàn nísàlẹ̀, ní lẹ́tà gàdàgbà: IBI TÍ ÒWÚ BÁ HÙ SÍ, NÍBẸ̀ NI OORU TI JÁDE.

Ó ti pẹ́ tí òjò Ìbàdàn ti kọ̀ tí kò relé mọ́. Oòrùn tí a ń wí yìí, bí ó bá yọjú, àwọn ènìyàn á sáré jáde wá wò ó, wọ́n á gbé ọmọ sókè kí òun náà lè rí i. Ta ni yóò wá sá aṣọ? Amáṣọgbẹ ni ó kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọ̀fun kan ṣoṣo ni ilé ní, èyí tí ń gbé ooru lọ sókè òrùlé láti lọ tu ú sínú òjò. Bí yàrá méjì bá jọ tu ooru sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ooru á padà wá bá onílé. Ìdí nìyẹn tí kọ́kọ́rọ́ fi jẹ́ ẹyọ kan, tí ó ń ti ọrùn Ìyá Ọ̀fun jáde lọ sí yàrá tí ọjọ́ bá kàn, tí ó sì ń padà síbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gbé e fún ẹnìkejì á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, á ní, "Aṣọ á gbẹ o." Ẹni tí ó gbà á á ní, "Ara náà á gbẹ." Àwọn ọmọ ilé náà mọ ìkíni yìí kí wọ́n tó mọ ẹ káàárọ̀.

Lánípẹ̀kun fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún Mosúnmọ́lá pé bí ó bá jẹ́wọ́ kí ọkọ̀ tó dé, okùn ni ìjìyà rẹ̀. Bí kò bá jẹ́wọ́, òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ń lọ sí àfonífojì nìyẹn, sínú àgọ́, níbi tí òjò àti ènìyàn ti jọ ń pín ẹní sùn. Gbogbo wọn mọ okùn náà. Wọ́n ta á sí ẹnu ọ̀nà ilé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wọlé tí kò sì sí ẹni tí kì í gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó bá jí ooru tu á máa sá gbogbo aṣọ rẹ̀ síbẹ̀, títí kan èyí tí ènìyàn kì í fẹ́ kí ọkọ ẹlòmíràn rí. Ikú yá ju ẹ̀sín, wọ́n ní. Àwọn kan ti wà nínú ilé yìí tí wọ́n yan àfonífojì.

"Kí ni n ó jẹ́wọ́, sà?" ni Mosúnmọ́lá bi í. Ó yíjú, ó sì kúnlẹ̀ síwájú Morádékẹ́. "Màmá Ọ̀fun, ẹ bá mi dá sí i. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so ìrù yìí lọ́jọ́ tí a dé. Ẹ sọ fún wọn pé mo mọ̀ ọ́n so."

Òótọ́ ni. Nígbà tí òkun gbé àdúgbò wọn mì ní Èkó tí wọ́n gun òkè wá pẹ̀lú àpò ọ̀rá kan ṣoṣo, Morádékẹ́ ni ó bá a lóṣòó sí ìdí ẹ̀rọ náà, tí ó mú ọwọ́ rẹ̀ lé okùn. Ó sì sọ fún un lọ́jọ́ náà pé kò sí olè tí ó burú ní ilé yìí bí ẹni tí ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ mọ́ ọmọnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́. Ìka ni ó nà sí i tí ó fi ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ń dún padà létí rẹ̀ báyìí, ìka náà sì ń yún un.

Ó la ẹnu. Ohun tí ó jáde ni: "Ohun tí ojú gbogbo wa rí náà nìyí."

Kì í ṣe irọ́. Ibi tí ó ti burú gan-an nìyẹn. Lánípẹ̀kun gbà á bí ẹ̀rí, ó lu òǹtẹ̀ pupa mọ́ ilẹ̀kùn, ó ní lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni Baálé yóò pe ilé jọ sí gbọ̀ngàn, kí ọkọ̀ tó wá kó wọn. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í túká. Mosúnmọ́lá ṣì wà lórí eékún níbẹ̀, ó gbé ojú sókè wo Morádékẹ́.

"Ẹ ṣé, mà," ó ní.

Bóyá ó kàn ti mọ́ ọn lẹ́nu ni, bí a ti ń kọ́ ọmọ tí a bí ire láti máa dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbà, kódà nígbà tí àgbà kò ṣe nǹkan kan. Ì bá sàn fún Morádékẹ́ kí obìnrin náà gbá a létí. Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí, ó sì di kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ mú bí ẹni tí nǹkan fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yípadà, ó sì gba yàrá rẹ̀ lọ.

Ìyá rẹ̀ ni ó bá lórí àpótí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Màmá Ọláwùmí ti wẹ̀, ó ti wọ bùbá mímọ́, ó ti wé gèlè rẹ̀ dáadáa, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ń lọ. Ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ni korobá kan wà tí wọ́n dé ní ìdérí. Inú korobá náà ni aṣọ ibùsùn àná wà, àti ìró aláró tí ó ti rin gbingbin. Gbogbo wàhálà ilé Òkè-Ìrẹ̀pọ̀ lọ́jọ́ náà, abẹ́ ìdérí yẹn ni ó wà.

Ìyá náà ti gbọ́ ohun gbogbo. Ògiri tí ooru bá lè gbà kọjá, ọ̀rọ̀ á gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú.

"Àwọn ọmọ yẹn ni wọ́n ń lé lọ?" ni ó béèrè.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Màmá."

"Mo bi ọ́ ní ìbéèrè, Morádékẹ́."

"Àwọn ni, Màmá."

Ìyá náà wo korobá. Morádékẹ́ kò lè jókòó, ó ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín ibùsùn àti ilẹ̀kùn.

Díẹ̀díẹ̀ ni aṣọ Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Lákọ̀ọ́kọ́, bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, ìyá náà á sì ní tíì ni òun dà sára. Nígbà tí yóò fi di ojoojúmọ́, àwọn méjèèjì ti dẹ́kun láti máa dárúkọ tíì. Òfin ìlú sì wà: àgbà tí ó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún tí kò lè dá omi ara rẹ̀ dúró mọ́, Ilé Gíláàsì ni wọ́n ń gbé e lọ, nítorí pé aṣọ rẹ̀ á pọ̀ ju ohun tí ọ̀fun ilé lè gbà. Kì í ṣe ibi ìyà. Ó mọ́, ó funfun, wọ́n ń jẹun. Ṣùgbọ́n aṣọ bébà ni wọ́n ń wọ̀ fún wọn, èyí tí wọ́n ń bọ́ sọnù, ẹ̀yìn gíláàsì sì ni ènìyàn ti ń wo ìyá rẹ̀. Màmá Ọláwùmí ti lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbẹ̀ rí. Ọ̀rẹ́ náà tẹ ọwọ́ mọ́ gíláàsì, aṣọ ọrùn rẹ̀ ń dún pàràpàrà, ó ń béèrè bóyá òjò ṣì ń rọ̀. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ lọ́nà, ìyá náà di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Ó ní, "Morádékẹ́, má jẹ́ kí wọ́n wọ bébà fún mi." Morádékẹ́ ṣèlérí.

Ìlérí kò nílò ọjọ́ gbígbẹ, aṣọ ni ó nílò rẹ̀. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ń kan yàrá kọ̀ọ̀kan, Ìyá Ọ̀fun pẹ̀lú. Bí ó bá ṣí ọ̀fun ní ọjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ̀rọ tí ń ka ooru lórí òrùlé á mọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí gbogbo ilé ti lọ síbi iṣẹ́, ó yọ ọ̀kan nínú àwọn pákó tí olóògbé ọkọ rẹ̀ kàn mọ́ ògiri nítorí òtútù. Ẹ̀yìn pákó náà, ògiri ti sán. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Morádékẹ́ tú ìrù amáṣọgbẹ rẹ̀ kúrò lára ọ̀fun, ó ti ẹnu rẹ̀ bọ ihò ògiri, ó sì tan ẹ̀rọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ooru á sọnù sínú ògiri, pé kò ní dé ibì kankan. Pákó ọkọ rẹ̀ gba yàrá tirẹ̀ sílẹ̀. Kò sí pákó ní yàrá Mosúnmọ́lá.

Kì í sì í ṣe pé kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a má bá a purọ́. Nígbà tí Ìmísí bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, láti inú ògiri yẹn ni Morádékẹ́ ti ń gbọ́ ọ. Ó po oyin mọ́ atalẹ̀, ó gbé e lọ fún ọmọ náà, ìyá ọmọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wólẹ̀ fún ọpẹ́. Ó padà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì tan ẹ̀rọ, nítorí pé aṣọ ọjọ́ náà ti wà nínú korobá.

"Jẹ́ kí n lọ," ni ìyá rẹ̀ wí nígbẹ̀yìn. "Bébà ni, kì í ṣe iná."

"Mi ò ní jẹ́ kí ẹ lọ."

"Àwọn ni kí wọ́n wá lọ? Ọmọ tí ń wúkọ́ yẹn?"

Morádékẹ́ dúró, ó kọjú sí pákó ògiri. Ohun tí ó dùn ún jù ni pé ó ti rí i nínú ara rẹ̀ pé kì í ṣe ìyá òun nìkan ni òun ń bò. Nígbà tí obìnrin yẹn kúnlẹ̀ síwájú òun, kì í ṣe Ilé Gíláàsì ni ó wá sí òun lọ́kàn. Okùn pupa ọrùn òun ni, àti ojú àwọn ènìyàn tí òun ti na ìka sí. Ìtìjú ìyá rẹ̀ ni ó ń fi bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìyá náà tẹ̀ síwájú láti tún ìdérí korobá ṣe, òórùn inú rẹ̀ sì jáde díẹ̀. Òórùn yẹn ni ó gbé Morádékẹ́ padà lọ jìnnà, sí agbo ilé tí wọ́n bí i sí, nígbà tí oòrùn ṣì ń ran gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀. Atọ̀ọ́lé ni òun náà nígbà náà. Ó ti ga, ó ti ń ka ìwé, ó ṣì ń tọ̀ sílé. Ẹní atọ̀ọ́lé kò ṣeé fi pamọ́, ìta gbangba ni wọ́n ń sá a sí, àwọn ọmọ agbo ilé á sì péjọ yí i ká, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́:

Òrùlé ò jò, ẹní tutù,
Atọ̀ọ́lé, ta ló rọ̀jò?

Wọ́n ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí ìyá rẹ̀ yọ láti ilé ìdáná pẹ̀lú igbá omi. Ó ní, "Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀. Èmi ni mo da omi sí i." Ohùn rẹ̀ lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbà náà fi gbọ́. Láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé ẹní náà jáde, bí wọ́n bá sì bi í, ohun kan náà ni ó ń wí. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Damidami. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ kò lè gbé omi kó má dà á. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń jẹ́ orúkọ náà, ó sì jẹ́ ẹ títí wọ́n fi kó kúrò ní agbo ilé yẹn. Kò sí ẹni tí ó tún kọrin fún Morádékẹ́ mọ́.

Agogo dún nísàlẹ̀. Wọ́n ń pe ilé jọ. Morádékẹ́ nu ojú, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí ó má jáde, ó sì sọ̀kalẹ̀.

Gbọ̀ngàn kún. Mosúnmọ́lá dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn pẹ̀lú àpò ọ̀rá kan náà tí ó gbé wá láti Èkó, Ìmísí wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀, ó wà ní ibi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń dí odò. Alàgbà Ọdẹ́tóyìnbó, Baálé ilé, sọ ohun tí Baálé máa ń sọ, pé ó dun òun, pé òfin kò mọ ojú. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, bóyá Ìyá Ọ̀fun ní ọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn.

Morádékẹ́ bọ́ okùn pupa lọ́rùn. Ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́kọ́rọ́ náà síwájú Baálé.

"Ooru yẹn, láti yàrá mi ni," ó ní. "Èmi ni mo ti ìrù ẹ̀rọ mi bọ ògiri. Obìnrin yìí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Baálé ní kí ó tún un sọ, ó tún un sọ. Lánípẹ̀kun sún mọ́ ọn, ó bi í pé aṣọ mélòó ni ìyá àti ọmọ nìkan ní tí ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ kò fi tó wọn. Ìbéèrè náà kò ní ìkà nínú, ṣùgbọ́n Morádékẹ́ rí i bí ojú àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ́kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà àtẹ̀gùn, sí òkè, sí ibi tí ìyá rẹ̀ wà. Obìnrin kan ti ń sọ̀rọ̀ sí ẹnìkejì rẹ̀ létí. Bí ó bá dákẹ́ díẹ̀ sí i, wọ́n á bá ọ̀rọ̀ náà dé ìdí.

"Atọ̀ọ́lé ni mí," ó ní.

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó gbìyànjú láti gbé e mì, kò ṣeé ṣe, ẹ̀rín náà sì ràn. Àwọn ọ̀dọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Obìnrin kan tí Morádékẹ́ ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí níwájú àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí pé ó pẹ́ díẹ̀, kò bo ẹnu rárá. Àgbàlagbà obìnrin, opó, Ìyá Ọ̀fun. Ojú ń jó o bí ata, etí rẹ̀ ń hó, ó sì ń gbàdúrà kí ilẹ̀ lanu, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í lanu fún ẹni tí ó bá nílò rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?" ni Lánípẹ̀kun bi í.

"Láti kékeré."

Ó bi í ní ọjọ́ orí, ó sọ ọ́. Ó ṣì kù púpọ̀ kí ó tó pé àádọ́rin. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó gbé ọmọńlé rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n jọ lọ wo yàrá.

Ẹ̀rọ náà ké kí ó tó dé ara pákó. Wọ́n rí ihò, wọ́n rí ìrù, wọ́n rí korobá. Màmá Ọláwùmí kò kúrò lórí àpótí rẹ̀. Lánípẹ̀kun ṣí ìdérí, ó tún un dé. Ó wo ìyá, ó wo ọmọ, ó wo ibùsùn méjì tí ó wà nínú yàrá náà, ọ̀kan pẹ̀lú aṣọ, ìkejì ní ìhòòhò.

"Màmá," ó ní, "ohun tí ọmọ yín sọ nísàlẹ̀ ni pé òun ni òun ń tọ̀ sílé. Ṣé òótọ́ ni?"

Ìyá náà gbé ojú sókè. Morádékẹ́ mọ̀ pé òun kò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, pé òun kò tilẹ̀ sọ fún un. Ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Arúgbó náà wo ọmọ rẹ̀ tí ó dúró láìsí okùn lọ́rùn.

"Láti kékeré ni," ó ní. Ó sì tẹ orí ba.

Bóyá Lánípẹ̀kun gbà á gbọ́, bóyá kò gbà á gbọ́, kò sí ẹni tí ó mọ̀. Ó fọ òǹtẹ̀ kúrò ní ilẹ̀kùn Mosúnmọ́lá, ó ní kí wọ́n fún un ní yàrá gbígbẹ títí wọn yóò fi ha ògiri tirẹ̀. Ó já amáṣọgbẹ Morádékẹ́ kúrò lára ògiri, ó gbé e lọ. Okùn ni ó kàn án, nítorí pé ó jẹ́wọ́ kí ọkọ̀ tó dé. Baálé ní títí òjò yóò fi dá ni, àwọn ènìyàn sì tún rẹ́rìn-ín.

Morádékẹ́ lọ bá Mosúnmọ́lá lórí àtẹ̀gùn. Ó kúnlẹ̀ fún un, òun àgbà, ó ní kí ó dárí ji òun, ó ní òun gbọ́ ikọ́ ọmọ náà, òun sì mọ̀. Mosúnmọ́lá dúró, ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó tún ọmọ rẹ̀ pọ̀n dáadáa, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sókè. Kò sọ pé ẹ ṣé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Morádékẹ́ gbé korobá lọ sí ẹnu ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ wọlé láti inú òjò. Okùn náà rèé, ó ti dúdú, ó sì ti dẹ̀. Ó na ìró aláró sí i, ó mú aṣọ ibùsùn tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Àwọn tí ń kọjá ń kí i, wọ́n sì ń yára. Kò sí ẹni tí ó fi ìkíni aṣọ kí i, nítorí pé ẹni tí kò ní ọ̀fun kò ní ìkíni náà mọ́.

Àwọn ọmọ ilé ni kò yára. Wọ́n dúró, wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Bí orin yẹn ṣe la gbogbo ọdún wọ̀nyí já, tí ó la òkun àti òjò já, tí ó wá bá a ní ẹnu ọ̀nà yìí, Ọlọ́run nìkan ni ó mọ̀. Ọ̀kan dá a, ìyókù gbè é:

Òrùlé ò jò, ẹní tutù,
Atọ̀ọ́lé, ta ló rọ̀jò?

Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Aṣọ náà wúwo, kò sì lè dá a fún. Ó ti di ọmọ kékeré padà lójú ara rẹ̀, ó sì ń dúró de ìgbà tí yóò rẹ̀ wọ́n.

Ẹsẹ̀ kan ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Màmá Ọláwùmí ni, tí kò tíì sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn láti ìgbà tí àìsàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbá ògiri mú, gèlè rẹ̀ wà lórí, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè ju ti arúgbó lọ.

"Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀. Èmi ni mo da omi sí i."

Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì túká. Obìnrin kan tí ń kọjá mi orí, ó ní ìyá kò ní ṣàì bo ọmọ rẹ̀. Láyé ọjọ́un tí ó fi irọ́ sọ ọ́, gbogbo agbo ilé gbà á gbọ́. Lónìí tí ó fi òótọ́ sọ ọ́, kò sí ẹni tí ó gbà.

Morádékẹ́ kò lè wo ojú rẹ̀. Ó na etí aṣọ kan sí i, ìyá náà gbà á, wọ́n sì jọ fún un.